Òrùka Mẹ́rìnlélọ́gọ́rin

Àìkú, ọjọ́ kejì

Inú ń bí mi, nítorí náà ni mo ṣe ra ìwé yìí. Nínú rẹ̀, "ó" ni mo máa pe gbogbo ènìyàn, àgbà àti ọmọdé. Ìwé mi ni. Bí Màmá bá jí i kà, kó fara mọ́ ohun tó bá rí.

Lánàá, nígbà tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, Bàbá, ìyẹn bàbá tó bí Màmá, wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́, ó jókòó síwájú rédíò rẹ̀ tó fi ń bá ará òkèèrè sọ̀rọ̀ bó ṣe máa ń ṣe ní gbogbo Sátidé láti ọdún mọ́kàndínlógún. Kí wọ́n tó bí mi nìyẹn. Ó tan án. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ ju ariwo ṣàà bí ẹni ń da iyanrìn sórí páànù. Báwo ni nǹkan ṣe máa wà níbẹ̀? Bàbá onílé ti gun òrùlé lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, ó ti gé wáyà ẹ́ríà Bàbá, tó ń gba ohùn wọlé tó sì ń gbé e jáde, sí wẹ́wẹ́. Ó ní àrá sán lu ilé kan ní òpópónà kejì, òun ò sì fẹ́ kí wáyà ẹnikẹ́ni júwe ilé òun fún àrá.

Bàbá jókòó síbẹ̀ títí aago fi lu márùn-ún. Lẹ́yìn náà ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó ká a.

Dókítà ti mú ọjọ́: Wẹ́sìdeè, ọjọ́ kọkàndínlógún. Wọ́n máa la ọ̀fun rẹ̀, wọ́n á yọ nǹkan burúkú yẹn kúrò, ohùn náà á sì bá a lọ. Kò ní sọ̀rọ̀ mọ́ láé. Bàbá ò bẹ̀rù ọ̀bẹ. Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́: kó fi ẹnu ara rẹ̀ dágbére fún Atúkọ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń gbé lódì kejì òkun, tí wọn ò tíì fojú kanra rí. Bó bá kàn dákẹ́ lójijì, Atúkọ̀ á gbà pé ó ti kú.

Màmá ní, "Ẹ ò ṣe gba nọ́ńbà fóònù rẹ̀ láti ọjọ́ yìí, Bàbá?"

Bàbá kọ ọ́ sórí síléètì (wọ́n ní kó má sọ̀rọ̀ kí ọjọ́ náà tó pé): "Kò béèrè tèmi. Èmi náà ò béèrè tiẹ̀."

Ó ṣẹ́ ku Sátidé méjì.

Ajé, ọjọ́ kẹta

Òjò láti àárọ̀. Bàbá fi ọ̀pá rẹ̀ lu ilẹ̀ láti pè mí. Ó kọ ọ́ pé: "INÚ ILÉ." Ó wá ya nǹkan kan tó lọ́ mọ́ra bí irun tí wọ́n fi rólà dì. Mo gbìyànjú, ó yé mi díẹ̀díẹ̀: wáyà tó yẹ kó gba gbogbo òrùlé, bí ó bá ká bí sípíríǹgì, ó lè wọnú yàrá. Bàbá onílé ò ní rí i, àrá náà ò ní rí i.

Ó tún kọ ọ́: "Sípíríǹgì ìṣeré rẹ yẹn ńkọ́? Èyí tó máa ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn."

Mo ní ó ti sọnù.

Irọ́ ni. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ló wà, nínú páálí bàtà. Dádì ló mú un wá fún mi nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje. Ó ní òun ń lọ síbi iṣẹ́, òun ń bọ̀. Mo ti pé mẹ́rìndínlógún. Mi ò fi ṣeré mọ́. Mo kàn mọ ibi tó wà ni.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Òjò. Mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lónìí. Kò sẹ́ni tó kíyè sí i.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ tí mo ti ń kọ́ṣẹ́, mo rán apá òsì méjì mọ́ ara bùláòsì kan ṣoṣo. Ọ̀gá gbé e sókè kí gbogbo ṣọ́ọ̀bù lè rí i. "Ẹ wá wò ó! Oníbàárà wa ti di ọlọ́wọ́ òsì méjì. Ìwọ ọmọ yìí, ibo lo fi ọkàn rẹ sí?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rọ ìránṣọ fi dúró. Mo ní mi ò lọ́kàn. Ó ní kí n tú u, kí n sì lọ wá ọkàn mi wá lọ́la.

Nígbà tí mo délé, Bàbá ń fi ańkáṣíìfù nu rédíò tí kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ń nu bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan. Mo wọ yàrá, mo fa páálí bàtà yẹn jáde, mo gbé e lé e lẹ́sẹ̀ kí n má bàa yí ọkàn padà.

Ó kọ ọ́: "O ní ó sọnù."

"Mo ti rí i, sà."

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu síléètì. Ó kàn ti pláyà tí a fi ń gé irin sí mi, nítorí ojú rẹ̀ ò rí nǹkan kéékèèké mọ́.

A gbọ́dọ̀ gé e sí méjì ọgbọọgba, ìdajì sọ́tùn-ún, ìdajì sósì, kí wáyà rédíò wà láàárín. Kíkà! Ìṣirò ló lé mi kúrò nílé ìwé, òun àti ìwé kíkà sókè. Mo ka òrùka náà, ó jẹ́ mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Mo tún un kà, mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Ẹ̀ẹ̀kẹta, mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún, bíi pé ó ń bímọ. Mo wá fi ṣọ́ọ̀kì ìránṣọ sàmì sí i ní mẹ́wàá mẹ́wàá. Mẹ́rìnlélọ́gọ́rin.

Mo gé e. Ó dún tíín. Mi ò sunkún.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Mo sunkún lónìí o. Mo gé e mọ́ ibi tí kò yẹ. Ẹsẹ̀ kan jẹ́ mẹ́rìnlélógójì, èkejì jẹ́ ogójì. Bàbá fọwọ́ kà wọ́n pẹ̀lú sùúrù, ó kọ ọ́: "Ta ló fẹ́ wọ ṣòkòtò yìí?"

Mo gé mẹ́rin kúrò lára èyí tó gùn. Ogójì, ogójì. Mo ti mẹ́rin tó ṣẹ́ kù bọ ọwọ́ mi. Kò sẹ́ni tó ní kí n jù wọ́n nù.

Lẹ́ẹ̀dì tí a máa ń yọ́ fi lẹ wáyà mọ́ irin kọ̀ láti lẹ̀. Ó ń yọ̀ bọ́ bí omi lórí ewé kókò. Bàbá ní kí n fi sáńpépà ha irin náà títí á fi dán, nítorí wọ́n ti kun ún nílé iṣẹ́ kó má bàa dípẹtà. Lẹ́yìn tí mo ha á, ó lẹ̀. Ó lẹ̀ mọ́ ìka mi náà. Lẹ́ẹ̀dì ti gbówó lórí débi pé alátùnṣe rédíò wọn tèmi lórí ìka bíi pé wúrà ló ń tà fún mi.

Bàbá kọ ọ́ ní lẹ́tà gàgàrà: "MÁ JẸ́ KÓ FARA KAN IRIN."

Mo ní mo ti gbọ́. Mo máa ń sọ pé mo ti gbọ́.

Ẹtì, ọjọ́ keje

Ẹ gbà mí láàyè kí n yin ara mi. Níbo la lè na nǹkan sí láti ògiri dé ògiri tí Bàbá onílé ò ní fura? Ẹ̀yìn kọ́tìnì! Mo fi aṣọ pélébé tó ṣẹ́ kù ní ṣọ́ọ̀bù wé ọ̀pá kọ́tìnì látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ìlọ́po méjì, mo rán an pa, kí sípíríǹgì má bàa fara kan irin. Mo wá fi ríbọ́ọ̀nù so òrùka kọ̀ọ̀kan mọ́ ọn. Ọ̀gá gan-an ò lè rí ojú abẹ́rẹ́ mi. Bàbá fọwọ́ tọ́ sípíríǹgì náà láti ìsàlẹ̀, ó mi orí pé ó dára.

Mi ò tíì sọ̀ kalẹ̀ lórí àga tí Bàbá onílé fi kanlẹ̀kùn.

"Ẹ kú ilé o. Ṣé òjò ò jò wọlé?"

"Rárá, sà."

Ó wo kọ́tìnì. "Kọ́tìnì yín sanra sí i."

"Mo fi aṣọ kún inú rẹ̀ ni, sà. Oòrùn ń pọ̀."

"Oòrùn. Nínú òjò yìí." Ó wò mí, ó wo òjò lójú fèrèsé. "Ẹ ṣáà bá mi bẹ Bàbá. Ẹ ní kí wọ́n má bínú sí mi. Ilé kan ṣoṣo ni mo ní láyé."

Bàbá jókòó síwájú rẹ̀ níbẹ̀! Ohùn ló ń lọ, etí rẹ̀ pé. Bàbá gbé síléètì sókè: "Mo ti gbọ́. Mò ń bínú."

Ọ̀la ni.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Mi ò fẹ́ kọ ọ́, ṣùgbọ́n bí mi ò bá kọ ọ́, inú mi ló máa wà.

Aago mẹ́rin. Bàbá wọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó tan rédíò, ó yí i díẹ̀díẹ̀, a sì gbọ́ ọ! Ó jìnnà bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ kànga, ṣùgbọ́n Atúkọ̀ ni. "Ọ̀rẹ́ mi, èmi nìyí. Sátidé kejì rèé. Ṣé o wà ńbẹ̀?"

Mo fò sókè. Bàbá tẹ bọ́tìnnì máíkì. "Mo wà ńbẹ̀." Ohùn rẹ̀ rí bí ẹni ń fa àga lórí símẹ́ńtì. Ọwọ́ mítà tó ń sọ bóyá ohùn jáde sáré lọ síbi pupa, ìyẹn ni pé kò jáde, ó lẹ̀ mọ́ ibẹ̀. "Atúkọ̀, mo wà ńbẹ̀." Pupa. Rédíò ń gbóná. "Mo wà ńbẹ̀."

Atúkọ̀ ò gbọ́ nǹkan kan. Ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ bí ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé tí wọ́n tì pa. "Bí ẹnikẹ́ni bá ń gbọ́ mi, tó mọ ọkùnrin yìí, kó jọ̀ọ́, kó bá mi wo ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Kì í pa Sátidé jẹ. Kì í pa á jẹ."

Ariwo gbé e lọ.

Bàbá fẹ́ ní kí n bá òun bu omi, kò lè sọ ọ́. Ó fọwọ́ júwe ife.

Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Màmá ti mọ̀ pé ó sọ̀rọ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, aṣọ ilé ìwòsàn tó ń fọ̀ níbi iṣẹ́ ṣì ń rùn lára rẹ̀.

"Èyí tó kù ní ọ̀fun rẹ̀, ẹ ti dà á sínú afẹ́fẹ́. Ìwọ lo sì ràn án lọ́wọ́."

Mo ní, "Ẹ̀yin ṣáà kórìíra ohunkóhun tó bá ń sọ̀rọ̀ láti òkèèrè."

Mo ti sọ ọ́ tán kí n tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ nípa Dádì, tó lọ tí kò padà, ni mo sọ. Kò gbá mi létí. Ì bá sàn kó gbá mi. Ó kàn yí padà, mo sì gbọ́ tó ń to abọ́ tí kò dọ̀tí.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Ọ̀gá da páálí abẹ́rẹ́ olórí dànù. Ó mú máǹgínẹ́ẹ̀tì, irin tó ń fa irin, ó ń fà á kiri lórí aṣọ kóòtù tí a tẹ́ sórí tábìlì, àwọn abẹ́rẹ́ tó wà lábẹ́ aṣọ náà sì ń dìde tẹ̀ lé e. Aṣọ méjì ló wà láàárín wọn, aṣọ òkè àti ìtẹ́lẹ̀, wọn ò sì bìkítà.

Mo dúró. Mo ń wo abẹ́rẹ́ tí ń dìde lábẹ́ aṣọ.

Ọ̀gá ní, "Kí ló tún dé? O tún ti sọ ọkàn rẹ nù?"

Mo ní, "Rárá, mà. Mo rò pé mo rí i."

Aṣọ ò já mọ́ nǹkan kan lójú ohun tó ń jáde lára irin. Mo fi ojú abẹ́rẹ́ tó dára jù láyé mi rán ẹ́ríà Bàbá mọ́ ara ọ̀pá irin tó ń gbé ohùn rẹ̀ mì.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan géérégé.

Mo kúnlẹ̀ sọ fún un. Mo ní ọ̀pá kọ́tìnì yẹn, onírin ni, mo mọ̀ pé onírin ni, mo rò pé bí mo bá ti fi aṣọ wé e, ó ti tó. Bàbá ya ẹnu. Igi ló rò pé ó ṣì jẹ́. Màmá ló pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tí igi náà gbó, ojú rẹ̀ ò sì rí i. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ẹ̀rù bà mí, mo rò pé ó ń kú. Ẹ̀rín ló ń rín, láìdún.

Ó kọ ọ́: "Télọ̀! O wọ aṣọ fún irin kí òtútù má mú un!"

Ó nu ún. Ó tún kọ ọ́: "Tú u. Okùn náílọ́ọ̀nù. Jìnnà sí irin."

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Ibi tó jìnnà sí irin, tó sì gùn tó, ọ̀kan péré ló wà: láti igun pálọ̀, gba ẹnu ọ̀nà kọjá, wọ yàrá Màmá, ká ògiri tí bẹ́ẹ̀dì onírin rẹ̀ fara tì.

Mo lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú ọ̀rọ̀ ọjọ́ Àìkú." Ó ń ká aṣọ. Mo ní, "Okùn kan fẹ́ gba inú yàrá yín." Ó ṣì ń ká aṣọ. Mo ti ń padà lọ nígbà tí mo gbọ́ ariwo gììì. Mo bojú wẹ̀yìn. Ó ń ti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kúrò lára ògiri.

Ó ní, "Kí lo dúró wò? Di ẹsẹ̀ kejì mú."

Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Ọwọ́ mítà ò lọ síbi pupa! Bàbá ní kí n fa apá òsì sún mọ́ra ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta, mo fi téèpù wọ̀n ọ́n, ọwọ́ mítà sì wálẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, ó dùbúlẹ̀.

Ṣùgbọ́n Bàbá kọ nǹkan kan tó ba oorun mi jẹ́: "Ìwọ lo máa pè é. Èmi ń tọ́jú èyí tó kù."

Ìwé àṣẹ láti lo rédíò wà lórúkọ Bàbá, bó bá sì ti jókòó tì mí, mo lè sọ̀rọ̀. Àṣẹ kọ́ ni ìṣòro. Kíláàsì mi ní ohùn mi dà bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Ọdọọdún ni wọ́n ń sọ ọ́, ìgbà kọ̀ọ̀kan tí mo bá dìde kàwé. Mo jókòó lọ́jọ́ kan, mi ò dìde mọ́.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Màá kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Sípíríǹgì na kọjá lókè orí wa bí aláǹtakùn tó ya wèrè. Bàbá wọ ṣẹ́ẹ̀tì. Òrùka mẹ́rin tó wà lọ́rùn ọwọ́ mi ń dún lára tábìlì. Aago mẹ́rin lù. A ò gbọ́ nǹkan kan.

Bàbá tọ́ka sí máíkì. Mo tẹ̀ ẹ́. "Atúkọ̀, Atúkọ̀." Ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Mo jáwọ́. Ariwo ṣàà.

Mo tún un pè. Ariwo.

A gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Bàbá onílé! "Ta ló ń ba tẹlifíṣọ̀n mi jẹ́? Ó ń kùn bí oyin!" Màmá bọ́ síta, ó fa ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀yìn ara rẹ̀. Mo gbọ́ ọ: "Ẹ bá mi ní sùúrù ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré."

"Kí ni ẹ ń ṣe nínú ilé mi?"

"Bàbá mi ń dágbére ni, sà. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ wọlé, kí ẹ gé ohun tó bá wù yín."

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sọ̀ kalẹ̀.

Mo tẹ máíkì. Mi ò rántí ilé ìwé mọ́. Mo kígbe. "Atúkọ̀! Atúkọ̀! Ẹ jọ̀ọ́, sà!"

"Ta nìyẹn? Ọmọ ta nìyẹn?"

Ketekete! Bíi pé inú ilé ìdáná wa ló wà!

"Ọmọ ọmọ rẹ̀ ni mí, sà. Wọ́n gé ẹ́ríà wa. Bàbá ò kú. Ẹ dúró, sà, ẹ má lọ o!"

"Níbo ni mo fẹ́ lọ? Mo ti jókòó síbí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

Bàbá gba máíkì. Ó mu omi. Mo gbọ́ nǹkan kan tó ta kẹ́ lọ́dọ̀ Atúkọ̀, mo rò pé ojú ọjọ́ ni.

"Atúkọ̀. Èmi nìyí." Ohùn náà há, ṣùgbọ́n ohùn ni. Ó ti tọ́jú rẹ̀ fún ọjọ́ méje. "Wọ́n fẹ́ gba ohùn yìí lọ́wọ́ mi ní Wẹ́sìdeè. Mo ní kí n mú un wá kí ọ kó tó máa lọ. Ó sìn mí dáadáa. Mi ò bá a ṣẹjọ́." Ó sinmi. "Ó ṣé o, ọ̀rẹ́ mi. Fún gbogbo Sátidé."

Atúkọ̀ fèsì.

"Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò sí ẹyọ kan tó bọ́." Ó wúkọ́. "Nígbà wo lo máa padà sórí afẹ́fẹ́?"

Bàbá wo máíkì bíi pé ó bú u. "Padà wá ṣe kí ni?"

"Padà wá jókòó. Ọmọ yẹn ṣáà lẹ́nu."

Nígbà tí Màmá ṣílẹ̀kùn, Bàbá onílé ò sí níbẹ̀ mọ́. Kò wá gé nǹkan kan.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Wọ́n gbé e wọlé ní aago mẹ́jọ. Ó jáde ní aago méjì. Ó ń mí. Mi ò lè kọ̀wé.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Bàbá ṣì wà ní ilé ìwòsàn, nítorí náà mi ò gbọdọ̀ tẹ máíkì. Mo kàn tan rédíò, mo jókòó sórí ọwọ́ mi méjèèjì.

Atúkọ̀ ní, "Mo mọ̀ pé bóyá o wà ńbẹ̀, ìwọ ọmọ yẹn. Má dáhùn. Mo kàn ní kí n jókòó tì ọ́ díẹ̀."

Ó sọ̀rọ̀ nípa atẹ́gùn àti orúnkún rẹ̀ fún odindi wákàtí kan. Mi ò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í rán aṣọ.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Bàbá ti délé látàná. Ihò kan wà lọ́rùn rẹ̀ tí wọ́n fi aṣọ funfun bò, mo sì ti ń kọ́ bí mi ò ṣe ní máa wò ó. Kò kọ ohunkóhun sórí síléètì láti ìgbà tó dé. Màmá bi í ní ohun tó fẹ́ jẹ, ó kọjú sí ògiri. Dókítà ní ọgbẹ́ ń jinná. Dókítà ò rí ojú rẹ̀.

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Kò dìde. Mo mú ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tó mọ́, mo dúró tì í bí ẹni ń ta aṣọ. Mo ní, "Bàbá, bí ẹ ò bá jókòó tì mí, mi ò lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ̀rọ̀." Ó wò mí fún ìgbà pípẹ́. Ó na apá.

Mo tẹ máíkì. Mo pe Atúkọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré.

"Ẹ káàsán o, ìwọ àti ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Ṣé ó ń gbọ́ mi? Ó dára. Ọ̀rẹ́, mo ṣe nǹkan kan láìgbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ. Mo tẹ kásẹ́ẹ̀tì láti gba ohùn rẹ sílẹ̀ nígbà tó o fẹ́ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Gbọ́ bó o ṣe dún dé ọ̀dọ̀ mi."

Ó ta kẹ́. Ariwo díẹ̀. Lẹ́yìn náà, láti òdì kejì òkun, wọ inú sípíríǹgì Dádì, wọ inú pálọ̀ wa: "Atúkọ̀. Èmi nìyí."

Màmá fi abọ́ sílẹ̀ nílé ìdáná, ó sì wá dúró.

"Ó sìn mí dáadáa. Mi ò bá a ṣẹjọ́."

Bàbá ò mira. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. Nígbà tí ohùn náà parí, máíkì ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo tẹ bọ́tìnnì láti dúpẹ́, mi ò tíì la ẹnu.

Bàbá wá na ọwọ́, ó fa síléètì sọ́dọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ìgbà tó ti ilé ìwòsàn dé. Ó kọ̀wé, ó rọra kọ ọ́, ó yí i sí mi:

"Ta ni bàbá arúgbó yẹn? Ẹ ní kó lọ mu omi gbígbóná."

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu mi. Ẹ̀rín mi gidi, tó ń dún bí ilẹ̀kùn, tí mi ò rín níwájú ènìyàn láti kíláàsì kẹta. Mi ò lè dá a dúró. Ìgbà tó yá ni mo tó rí i pé ìka mi ṣì wà lórí bọ́tìnnì, pé gbogbo ẹ̀rín náà ti gba òkè orí wa kọjá, ó ti lọ sórí òkun.

Mo gbé ìka kúrò kíá.

Atúkọ̀ ní, "Mo gbọ́ ọ ketekete."